Téèpù Tí Mi Ò Ṣí Kúrò Lára Ẹ̀rọ

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí ẹnu mi tó pa dé. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí mì, mo sì ti rò pé màá gbé e wọ kòtò ni, ṣùgbọ́n ó há mi lọ́fun, kò lọ sísàlẹ̀, kò bọ̀ lókè. Dókítà tó ń tọ́jú mi wá lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó fa àga sún mọ́ ibùsùn mi, ó ní ẹ̀dọ̀ mi ti kọ iṣẹ́ sílẹ̀, ó ní oṣù méjì, bóyá mẹ́ta. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ ọjọ́ tí búrẹ́dì máa bu. Mi ò bínú sí i. Èmi náà lo ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n nínú láàbù, mo mọ bí wọ́n ṣe ń ka èsì fún èèyàn láìgbé ojú sókè. Ọmọ mi obìnrin ló jókòó tì mí yìí, ó gbé fóònù rẹ̀ sórí ìrọ̀rí, ó ń gba ohùn mi sílẹ̀. Mo ti kìlọ̀ fún un pé kó má dá mi dúró, kó má sì sunkún títí màá fi parí, torí tó bá sunkún màá dúró láti rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, tí mo bá sì dúró, mo mọ ara mi, màá tún rí ọ̀nà sá lọ. Ìyá Ẹ̀rọ ni wọ́n ń pè mí níbi iṣẹ́. Obìnrin tí mo ṣẹ̀, Ọ̀gá Kékeré ni gbogbo wa ń pè é. Ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n ní ó dá, tí wọ́n tìtorí ẹ̀ lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́, tí òun fúnra rẹ̀ gbà títí dòní pé òun ló jẹ̀bi ẹ̀, èmi ni mo dá a. Owú ni mo jẹ. Kò sí èṣù kankan tó tì mí.

Kí ọ̀rọ̀ náà tó lè yé yín, ẹ ní láti mọ irú iṣẹ́ tí à ń ṣe. Ẹ na ọwọ́ yín méjèèjì síwájú. Ìka márùn-ún, ìka márùn-ún, àtẹ́lẹwọ́ àti àtàǹpàkò, kò sí ohun tí ọ̀kan ní tí èkejì ò ní. Ṣùgbọ́n ẹ mú ìbọ̀wọ́ ọwọ́ ọ̀tún, kí ẹ fi tipátipá kì í bọ ti òsì, ẹ máa rí i pé kò bára mu. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn oògùn kan ṣe rí. Tí wọ́n bá ti sè é jáde, ìdajì ẹ̀ á jẹ́ ọ̀tún, ìdajì á jẹ́ òsì, bí èèyàn àti òjìji rẹ̀ nínú dígí. Ìwúwo wọn dọ́gba, àwọ̀ wọn dọ́gba, ara èèyàn nìkan ló mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Èyí tí à ń ṣe nígbà yẹn, oògùn àwọn tí ọwọ́ wọn ń gbọ̀n ni. Ọ̀tún ẹ̀ máa ń mú kí ọwọ́ dúró jẹ́ẹ́. Òsì ẹ̀ ò wo nǹkan kan sàn, ojú ló máa ń bà jẹ́. Iṣẹ́ tiwa ni ká ya méjèèjì sọ́tọ̀.

Ọ̀pá irin kan wà, kọ́lọ́ọ̀mù là ń pè é, kò gùn ju apá ọmọdé lọ, wọ́n ki ìyẹ̀fun funfun kan sínú ẹ̀ pinpin. Ẹ̀rọ á máa ti oògùn tí a ti yọ́ gba inú ẹ̀ kọjá. Ìyẹ̀fun yẹn ló mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì: á jẹ́ kí ọ̀kan kọjá wéré, á wá máa dá èkejì dúró, bí aláròyé tó pàdé ojúlùmọ̀ lójú ọ̀nà. Bí ọ̀kan ṣe ń kọ́kọ́ jáde nìyẹn, tí èkejì á tẹ̀ lé e. Lójú kọ̀ǹpútà, ẹ máa rí òkè kan tó yọ, lẹ́yìn náà òkè kejì. A máa gbé ìgò kan gba ti àkọ́kọ́, a máa gbé òmíràn gba ti ìkejì. Ìgò ọ̀tún ń lọ fún aláìsàn, ti òsì ń lọ síbi ìdalẹ̀. Ojú lásán ò lè sọ èwo ni èwo. Téèpù funfun tí a lẹ̀ mọ́ iwájú ẹ̀rọ ló ń sọ fún wa. Ohun tí wọ́n kọ sí i ni, "Ọ̀tún ló ń ṣáájú." Òfin láàbù wa sì ni pé ẹni tó bá ṣí kọ́lọ́ọ̀mù tuntun ló máa fi ọ̀tún tí a ti mọ̀ dájú dán an wò, òun náà ló máa ṣí téèpù àtijọ́ kúrò, á sì lẹ tuntun. Ẹlòmíràn kì í tún un dán wò. À ń gbẹ́kẹ̀ lé téèpù yẹn bí ẹ ṣe ń gbẹ́kẹ̀ lé ẹni tó bá ní òun ti pa iná ìdáná kí ẹ tó jáde nílé.

Èmi ni mo kọ́kọ́ fọwọ́ kan ẹ̀rọ yẹn lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e dé. Tó bá ń kùn, èmi ni mo mọ ohun tó ń dùn ún. Tí Mánẹ́jà bá mú àlejò wọ láàbù, ìdí tábìlì mi ló máa ń kọ́kọ́ mú wọn wá, á ní, "Ìyá Ẹ̀rọ wa rèé." Ó máa ń dùn mọ́ mi, mi ò ní purọ́. Ìgbà yẹn ni ọmọ yìí dé. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, kúkúrú báyìí, ẹ̀wù funfun tí wọ́n fún un gùn dé kókósẹ̀ rẹ̀. Kò tíì lo ọ̀sẹ̀ kan tó fi lọ bá àwọn ọkùnrin méjì tó ń fọ ìgò, ó fọwọ́ lé ìbàdí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o, ṣé ẹ̀yin lè fi ìgò yìí mumi?" Wọ́n wo ìgò, wọ́n wo òun, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ọ̀gá kékeré, a ti gbọ́." Bí orúkọ yẹn ṣe mọ́ ọn lórí nìyẹn. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ràn rẹ̀ nígbà yẹn, ẹ gbà mí gbọ́. Èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi etí mọ̀ tí afẹ́fẹ́ bá ti wọnú ẹ̀rọ, àti bí wọ́n ṣe ń de kọ́lọ́ọ̀mù láìfún un jù. Ẹ̀gbọ́n ló ń pè mí. Tí mo bá pẹ́ kí n tó dé láàárọ̀, ó ti máa nu tábìlì mi mọ́ tiẹ̀.

Ọdún kejì ni ọ̀rọ̀ yí. Iṣẹ́ ìyàsọ́tọ̀ tó ń gbà mí ní ogójì ìṣẹ́jú, ọmọ yìí tún ohun tí a fi ń yọ́ oògùn pò lọ́nà tiẹ̀, ó dín ooru ẹ̀rọ kù, ó ṣe é ní ìṣẹ́jú mọ́kànlá, òkè méjèèjì sì dá dúró gedegbe. Ó sáré wá fà mí lápá. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá wò ó! Ẹ wá wò ó ná!" Mo wò ó. Mo ní, "O káre, ọmọ dáadáa." Mo bọ́ sí ilé ìtọ̀, mo ti ilẹ̀kùn, mo jókòó sórí ìdérí, mo sì gé apá ẹ̀wù iṣẹ́ mi jẹ títí eyín fi ń dùn mí. Ọdún méjìlá! Ọdún méjìlá ni mo ti ń ṣe é ní ogójì ìṣẹ́jú, kò sì wá sí mi lọ́kàn rí pé ó lè yá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ yẹn ni mi ò ti lè gbójú kúrò lára rẹ̀ mọ́. Mo ń ka iye èèyàn tó ń kí i kí wọ́n tó kí mi. Tí àlejò bá dé, ẹ̀yìn àga mi ni Mánẹ́jà ń gbà kọjá lọ bá a. Tí ẹ̀rọ bá kùn, òun ni wọ́n ń pè. Ẹ̀rọ mi! Mo máa ń fi ẹ̀rín bò ó, àgbà sì ni mí, mo mọ ẹ̀rín rín. Nígbà tó ṣe, kò sí ibi tí mo lè sá sí mọ́, torí ó ti wọlé tọ̀ mí wá. Ọmọ mi tó ń gba ohùn mi yìí kùnà kẹ́místrì níléèwé, mo ní kó jókòó kí n ṣàlàyé fún un. Ó gbọ́ díẹ̀, ó dojú kodò, ó ní, "Mọ́mì, ṣé ẹ ò lè bá mi bẹ Ọ̀gá Kékeré? Ọjọ́ tí mo wá síbi iṣẹ́ yín, wọ́n ṣàlàyé ẹ̀ fún mi, ó yé mi wàràwàrà." Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o rántí? Má sunkún. Òótọ́ lo sọ, ìyẹn gan-an ló sì dùn mí.

Ọ̀gá láàbù tó wà níbẹ̀ fẹ̀yìn tì lọ́dún márùn-ún lẹ́yìn tí ọmọ náà dé. Gbogbo èèyàn ti ń kí mi kú oríire ṣáájú. Mo ti ra bàtà tuntun. Mánẹ́jà pe gbogbo wa jọ, ó ní Ọ̀gá Kékeré ti di ọ̀gá ńlá, wọ́n pàtẹ́wọ́, ọkùnrin tó ń fọ ìgò súfèé. Èmi náà pàtẹ́wọ́. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ọmọ náà wá bá mi nídìí kọ́bọ́ọ̀dù ìgò, omi ti lé ròrò lójú rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo sọ fún wọn o. Mo ní ẹ̀yin ló tọ́ sí. Tí ẹ bá ní kí n má gbà á, mi ò ní gbà á." Ká ní ó fẹnu ṣe fọ́nńté ni, ǹ bá rí ohun dì mú tí màá fi kórìíra rẹ̀ tọkàntọkàn. Ó ń ṣàánú mi! Mo gbá a mọ́ra. Mo ní, "Gbà á, àbúrò mi. Ta ni màá fẹ́ kó gbà á bí kì í bá ṣe ìwọ?" Bí mo ṣe ń sọ ọ́, mo ń bẹ Ọlọ́run nínú mi pé kó já a kulẹ̀.

Kò ju oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà tí kọ́lọ́ọ̀mù àtijọ́ fi dí, tí wọ́n ní kí wọ́n ra òmíràn. Àkókò yẹn gan-an ni wọ́n ń retí oògùn wa nílé ìwòsàn ńlá kan, wọ́n fẹ́ fún èèyàn mẹ́sàn-án lò láti fi mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Àpótí dé lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ọ̀gá Kékeré ò sí níbi iṣẹ́, ọmọbìnrin rẹ̀ ọlọ́dún méjì ń ṣàìsàn, èémí ń há ọmọ náà láyà, ilé ìwòsàn ni wọ́n sùn. Èmi ni mo gba àpótí, èmi ni mo ṣí i. Ìwé kan wà nínú ẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ṣe é, wọ́n ní kí a kíyè sí i pé òjìji èyí tí a ń lò tẹ́lẹ̀ ni èyí, ìyẹ̀fun inú ẹ̀ dà bí ọwọ́ òsì sí ọwọ́ ọ̀tún, nítorí náà ohun tó ń ṣáájú tẹ́lẹ̀ ló máa kẹ́yìn báyìí. Ẹni tó ń rajà fún wa ló ṣì í yàn, àmì kan ṣoṣo ló yàtọ̀ lára orúkọ méjèèjì. Mo dè é mọ́ ẹ̀rọ, mo fi ọ̀tún tí a mọ̀ dájú dán an wò. Lóòótọ́ ni, òkè kejì ló gbé jáde. Mo gé téèpù tuntun. Mo ṣí bírò. Orí lẹ́tà àkọ́kọ́ ni mo wà tí fóònù fi dún, Mánẹ́jà ni. Ó ní, "Ìyá Ẹ̀rọ, ṣé Ọ̀gá Kékeré ti dé?" Mo ní kò tíì dé. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan títí á fi dé. Oògùn yìí ṣe pàtàkì, mi ò fẹ́ kí wọ́n bà á jẹ́." Kí wọ́n bà á jẹ́! Èmi tí mo gba ẹ̀rọ yẹn lọ́wọ́ àwọn tó gbé e wá! Mo gbé fóònù sílẹ̀. Mo dé bírò. Mo ká téèpù tuntun yẹn mọ́ ìka mi, mo jù ú sí agbọ̀n ìdọ̀tí, mo ki ìwé inú àpótí bọ báàgì mi. Téèpù àtijọ́ ṣì wà níwájú ẹ̀rọ, "Ọ̀tún ló ń ṣáájú." Mo wò ó, mo sì fi í sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì ló dé, ojú rẹ̀ pọ́n, ó wọ bàtà tí ò jọra. Mo béèrè ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "A dúpẹ́, Ẹ̀gbọ́n, ó mu ọmú láàárọ̀ yìí." Ó wo ẹ̀rọ. "Ṣé kọ́lọ́ọ̀mù tuntun nìyí? Ṣé ẹ ti dán an wò?" Mo ní, "Mo ti dán an wò." "Ṣé ó dáa?" "Ó dáa. Ó ń yà wọ́n dáadáa." Ó fọwọ́ gbá mi léjìká, ó ní, "Kí ni mi ò bá ṣe láìsí yín?" Ẹ ò rí i pé mi ò purọ́ lọ́jọ́ yẹn. Gbogbo ohun tí mo sọ ló jẹ́ òótọ́. Mo ti fi ìyẹn tu ara mi nínú lọ́pọ̀ ìgbà, ìyà ló sì tọ́ sí mi fún un, torí àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, èmi ni mo sì fọwọ́ ara mi wọ́ orí ọmọ náà. Ó jókòó, ó fi ọjọ́ mẹ́ta gba òkè àkọ́kọ́ sínú ìgò, ó ń da ìkejì nù. Ìṣojú mi ló ti ń da oògùn gidi nù, tó ń tọ́jú májèlé. Mo sì ń jẹ búrẹ́dì mi.

Ẹ gbọ́ ohun tó wà lọ́kàn mi, kì í ṣe láti fi gbèjà ara mi. Mi ò fẹ́ kí nǹkan kan ṣe aláìsàn. Ẹ̀rọ kejì ṣì wà tí oògùn gbọ́dọ̀ kọjá nídìí ẹ̀ kí wọ́n tó gbé e jáde, ẹ̀rọ tó ń rán ìmọ́lẹ̀ gba inú oògùn. Ọ̀tún á yí ìmọ́lẹ̀ sápá kan, òsì á yí i sí apá kejì. Ọwọ́ èmi nìkan ni ẹ̀rọ yẹn wà. Ohun tí mo pète ni pé lọ́jọ́ Fúráìdè, màá pariwo. Màá ní, "Ẹ dúró o! Òsì ni èyí!" Wọ́n á sáré dé, wọ́n á rí i pé ọ̀gá tuntun wọn fẹ́ fi májèlé ránṣẹ́, pé Ìyá Ẹ̀rọ ló gbà wọ́n. Mo tilẹ̀ ti mọ bí màá ṣe mi orí.

Ọjọ́ Fúráìdè pé. Ọ̀gá Kékeré gbé ìgò kékeré kan fún mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó dọwọ́ yín." Mo fi sínú ẹ̀rọ. Ìmọ́lẹ̀ yí sí apá òsì, kò tilẹ̀ ṣiyèméjì. Mo ya ẹnu. Ibẹ̀ ni Mánẹ́jà ti wọlé pẹ̀lú àwọn dókítà méjì láti ilé ìwòsàn yẹn, ó ń tọ́ka sí ọmọ náà, ó ní, "Òun rèé, òun ló sọ iṣẹ́ ogójì ìṣẹ́jú di mọ́kànlá." Ó wá rántí mi. Ó ní, "Ìyá Ẹ̀rọ yìí ló kọ́ ọ. Wọ́n kọ́ ọ dé ibi pé tí wọ́n bá fẹ̀yìn tì lọ́la, a ò ní mọ̀ ọ́n lára." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, àwàdà ni. Ẹ̀jẹ̀ mi gbóná dé etí. Mo wá rò ó: tí mo bá pariwo báyìí, kí ló máa ṣẹlẹ̀? Wọ́n á ní àṣìṣe ni, ọmọ rẹ̀ ló ń ṣàìsàn, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ tún un ṣe. Wọ́n á rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á bi mí pé ta ló ṣí àpótí. Mo pa ẹnu dé. Ìwé èsì wà níwájú mi, àyè kékeré kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti ń kọ ibi tí ìmọ́lẹ̀ yí sí. Mo kọ ọ̀tún. Mo buwọ́ lù ú. Ohun tí mo sọ fún ara mi ni pé ilé ìwòsàn náà á tún yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó fún ẹnikẹ́ni. Ṣé mo mọ̀ pé wọn kì í yẹ̀ ẹ́ wò? Mo mọ̀. Ọlọ́run, mo mọ̀. Ìbuwọ́lùwé mi ni wọ́n ń wò.

Wọ́n fún èèyàn mẹ́sàn-án. Mẹ́jọ nínú wọn pariwo láàárín ọjọ́ díẹ̀ pé ojú ń ṣe àwọn bàìbàì, wọ́n jáwọ́ nínú oògùn náà, ojú wọn sì padà bọ̀ sípò. Ìkẹsàn-án ò pariwo. Bàbá télọ̀ kan ni. Ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n láti ọdún mẹ́ta, kò lè ránṣọ mọ́, ìyàwó rẹ̀ ló ń bá a ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Ó rò pé tí òun bá sọ pé ojú ń dun òun, wọ́n á gba oògùn lọ́wọ́ òun. Ó ní kí òun fara dà á, ó lè jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ọwọ́ máa dúró. Ó lò ó tán pátápátá, gbogbo rẹ̀. Ojú ọ̀tún fọ́ pátá. Ti òsì ń rí òjìji nìkan. Ọwọ́ náà ò sì dúró.

Wọ́n gbé ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ta dìde. Wọ́n yẹ kọ́lọ́ọ̀mù wò, wọ́n rí i pé òjìji ti àtijọ́ ni. Wọ́n pè mí. Ibí yìí ni mo ti ṣe èyí tó burú jù, ó burú ju ti ìmọ́lẹ̀ lọ, torí lọ́jọ́ yẹn, mo ti mọ̀ pé èèyàn kan ti fọ́jú. Mo ní mo dán an wò lóòótọ́, mo rí i pé ètò ti yí padà, téèpù ló tán lọ́wọ́ mi, mo sì fẹnu sọ fún Ọ̀gá Kékeré bó ṣe dé pé ọ̀tún ló ń kẹ́yìn báyìí. Alága ní, "Kí ló wá dé tí ìmọ́lẹ̀ fi yí sí ọ̀tún?" Mo ní, "Ohun tó fún mi ni mo yẹ̀ wò. Orí pẹpẹ kan náà ni ìgò oògùn tí a fi kọ́lọ́ọ̀mù àtijọ́ yà wà. Bóyá ó ṣì í mú ni. Ẹ má bínú sí i, ọmọ rẹ̀ ò yá." Ẹ gbọ́, mo tún bá a bẹ̀bẹ̀! Wọ́n yíjú sí i. Mo rò pé ó máa pè mí ní òpùrọ́, mo ti múra sílẹ̀. Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó ní, "Bóyá Ẹ̀gbọ́n sọ ọ́. Bí wọ́n bá ní àwọn sọ ọ́, wọ́n sọ ọ́ ni. Ọmọ ń ṣàìsàn, ọkàn mi ò sí níbẹ̀." Ó ronú lọ, ó wá fúnra rẹ̀ kó ẹjọ́ sórí ara rẹ̀. Ó ní òun rántí pé òun gbé ìgò méjì lọ́jọ́ náà. Kò gbé ìgò méjì. Ìgò kan ló gbé, ìgò tó tọ́.

Èmi, ìwé ìkìlọ̀ ni wọ́n fún mi. Òun, wọ́n lé e, wọ́n gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n fi mí sípò rẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi jókòó sórí àga yẹn kí n tó fẹ̀yìn tì, kò sì dùn fún mi fún ọjọ́ kan. Ọ̀gá Kékeré ń kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ níṣirò nílé. Lóṣooṣù, ó máa ń lọ sílé bàbá télọ̀ yẹn, á ka ìwé ìròyìn fún un, á bá ìyàwó rẹ̀ gé aṣọ. Láti ìgbà tí mo ti dùbúlẹ̀, ó ń wá sọ́dọ̀ mi ní gbogbo Sátidé. Á gbé omi gbígbóná wá, á wẹ ẹsẹ̀ fún mi, á gé èékánná mi. Ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé, "Ẹ̀gbọ́n, nínú gbogbo wọn, ẹ̀yin nìkan lẹ ò yíjú padà sí mi." Ẹsẹ̀ mi wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó sọ ọ́. Mo ní kó rọra, pé ó ń rìn mí ní ìgàgà.

Ǹ bá sì kú bẹ́ẹ̀. Mo ti gbà pé bí màá ṣe kú nìyẹn. Sátidé tó kọjá ló wá mú ọmọbìnrin rẹ̀ dání, èyí tó ń ṣàìsàn nígbà yẹn. Ó ti di ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ó gùn ju ìyá rẹ̀ lọ. Ìyá rẹ̀ lọ pọn omi, ó ku èmi àti ọmọ nínú yàrá. Ọmọ náà bá mi fa aṣọ ìbora dé àyà, ó wá fi ohùn jẹ́jẹ́ bi mí, "Ìyá àgbà, ṣé òótọ́ ni pé torí pé mo ṣàìsàn ni bàbá télọ̀ yẹn ò fi ríran?" Mo ní ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ó ní kò sẹ́ni tó sọ ọ́, òun ló gbọ́ nígbà tí ìyá òun ń ṣàlàyé fún ẹnì kan pé ká ní ọmọ òun ò ṣàìsàn ni, etí òun ì bá wà nílẹ̀. Ó ní òun ò sọ fún ìyá òun pé òun gbọ́. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ló ń gbé ẹrù mi káàkiri láti ìgbà tó ti gbọ́n. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ìyá rẹ̀ wọlé pẹ̀lú omi gbígbóná, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀ ń sunkún? Ṣé ó ń dùn yín ni?" Mo ní ó ń dùn mí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń bọ̀ lẹ́yìn, ẹ̀yin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fún lẹ́wù funfun, àti ẹ̀yin tí ẹ kì í tilẹ̀ ṣe irú iṣẹ́ yìí, ẹ gbọ́ o. Owú ò bá mi wá pẹ̀lú ọ̀bẹ. Ohun tó bẹ̀ mí ni pé kí n sáà dákẹ́ díẹ̀. Tí inú bá ń bí yín pé ẹnì kan mọ iṣẹ́ jù yín lọ, ẹ sọ ọ́ jáde, ẹ jà, ẹ kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀, ẹ lọ gé apá ẹ̀wù yín jẹ bí èmi. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá mọ ohun tó lè pa ẹlòmíràn lára, tí ẹnu yín sì wúwo láti sọ ọ́ nítorí ẹni tó máa jàǹfààní ẹ̀, ẹ sáré. Ẹ má dúró wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀.

Ọ̀gá Kékeré, ìwọ ni mo ní kí ọmọ mi gbé ohùn yìí fún ṣáájú ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn tìrẹ, á gbé e lọ fún àwọn tó gba ìwé àṣẹ rẹ. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, á gbé mi sínú ọkọ̀ lọ sílé bàbá télọ̀, bí wọ́n bá tilẹ̀ fẹ́ lé mi dànù, kí wọ́n lé mi lójú ara mi. O ò gbọ́ pé ètò ti yí padà torí pé mi ò sọ ọ́. Ọkàn rẹ wà níbẹ̀, etí rẹ wà nílẹ̀, ìgò tó tọ́ lo gbé fún mi. Sọ fún ọmọ rẹ kí ilẹ̀ tó ṣú lónìí, má jẹ́ kó di ọ̀la. Mi ò ní kó o dárí jì mí torí pé mò ń kú lọ. Ikú ò sọ mí di ẹni rere, ẹ̀dọ̀ mi ló bàjẹ́ lásán. Mo ń bẹ̀ ọ́ fún àforíjì torí pé mo ṣẹ̀ ọ́, tí o ò bá sì lè fún mi, ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ tọrọ. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo ti mọ̀ ọ́, o ò sì gbé ohùn sókè sí mi rí. Tí o bá wá ní Sátidé, má bi mí bí ara mi ṣe rí. Dúró síbi tí mo ti lè rí ojú rẹ, kó o pariwo mọ́ mi. Mo bẹ̀ ọ́, pariwo, mi ò ní fèsì.